Kí Ló Ń Ṣe Ọmọ Yìí?

Orí bẹ́ǹṣì

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé náà. N kò ní sọ èyí tó jẹ́ nínú àwọn tó wà lágbègbè Àrámọ̀kọ ní Èkìtì. Àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó kún bẹ́ǹṣì, ọmọ lẹ́yìn, kádì lọ́wọ́. Ní ìkangun bẹ́ǹṣì ni ọmọkùnrin kan wà tó ti dàgbà kọjá ẹni à ń gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára, yóò tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Òun ló di kádì ara rẹ̀ mú. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó tú u, ó tún ká a.

Nígbà tó kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì wo ojú ìyá. "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?"

Ìyá ní kì í sùn lóru. Ó ní ó tún ti di atọ̀ọ́lé, ohun tó ti fi sílẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ó ní láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni. Nọ́ọ̀sì kọ ọ̀rọ̀ àìsùn sílẹ̀. Wọ́n gún ọmọ níka, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà. Wọ́n fún un ní Paracetamol àti oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kó máa jẹun dáadáa. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méje lọ. N kò bá nọ́ọ̀sì wí: òun àti ẹnì kejì rẹ̀ péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́, èrò tó wà lórí ìlà sì lé ní ogójì.

Ṣùgbọ́n ohun kan bá mi délé. Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n lọ́jọ́ náà, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí ọmọ. Òun ni nǹkan ń ṣe, ẹlòmíràn ló ń dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ohun tí mo bá rí, tí mo gbọ́, tàbí tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé kékeré kan.

Ọ̀rọ̀ tí a ní

Iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní psychotherapy, a kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún un. Ìtọ́jú ọkàn ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n àìsí orúkọ iṣẹ́ kò sọ pé a kò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń ṣe ọmọ. Mo béèrè kiri àdúgbò. Wọ́n ní: "Ọkàn ọmọ náà kò sí níbí." "Ó dákẹ́ jù." "Àyà rẹ̀ ń já ṣáá." "Kò ṣeré mọ́." "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu." Àwọn mìíràn sì da ìbéèrè náà nù: "Kí lọmọdé mọ̀ tó ń rò?"

Mo ṣàlàyé fún ìyá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún pé lókè òkun, ìjọba ń sanwó oṣù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó jókòó ti ọmọ kan fún bíi wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó máa wo bó ṣe ń ṣeré, kó sì máa gbọ́ ohun tó bá sọ.

"Tíṣà," ó ní, "owó oṣù? Lórí pé ó bá ọmọ ṣeré?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, ó fi etí ìró nu ojú. "Ó dáa. Èló wá ni wọ́n jẹ èmi?"

Àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́

Ilé ìwòsàn Tavistock ní London ṣílẹ̀kùn ní 1920. Ọmọdé ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀. Ní 1948, ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò ìlera gbogbogbò wọn tí wọ́n ń pè ní NHS sílẹ̀, dókítà John Bowlby dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí yóò máa tọ́jú ọkàn ọmọdé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Esther Bick ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìkọ́ni náà lé lọ́wọ́. Ohun tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe yà mí lẹ́nu: kí oníkálukú wá ilé kan tí wọ́n ti bímọ tuntun, kó máa lọ síbẹ̀ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì. Kó má ṣe gbani nímọ̀ràn. Kó má ṣe kọ nǹkan kan sílẹ̀ lójú wọn. Kó kàn máa wò. Ọdún méjì gbáko lẹ́nu ìwòran! Ẹni tó bá ti ṣe ìyẹn tán ni ojú rẹ̀ ń là tó fi lè rí ọmọ.

Melanie Klein náà wà ní London nígbà náà. Àṣà tó fi sílẹ̀ ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní dúróà tirẹ̀ tàbí àpótí tirẹ̀: ènìyàn kéékèèké, ẹranko, mọ́tò, bébà, okùn, síṣọ́ọ̀sì. Wọn yóò tì í. Ọmọ mìíràn kò ní fọwọ́ kàn án títí ẹni tó ni ín yóò fi padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo wo ilé wa. Ọmọ wo ní Àrámọ̀kọ ló ní dúróà? Ẹní ló ń bá ẹ̀gbọ́n pín, àwo kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun, aṣọ tó wọ̀ lónìí, àbúrò ń dúró dè é. N kò sọ pé ìyẹn burú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ èmi náà dàgbà. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí, mo rí i pé àwọn nǹkan inú àpótí kọ́ ni oògùn náà. Oògùn náà ni pé ẹnì kan bá a pa á mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò gbàgbé rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tú u.

Iyanrìn

Ní 1928, dókítà mìíràn ní London, Margaret Lowenfeld, dá ilé ìtọ́jú ọmọdé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé agbada iyanrìn kalẹ̀, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun ìṣeré wà lórí àtẹ. Ọmọ á fi iyanrìn mọ òkè, á gbẹ́ odò, á to ènìyàn sí i. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló sọ ohun tí wọ́n ń mọ náà ní "ayé".

Tiwa kò nílò agbada. Iwájú ilé ni, agolo mílíìkì ni ìkòkò, ewé ni owó. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùrẹ́-Èkìtì bí wọ́n ṣe ń ti iléèwé bọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa àwọn ọba ní ìpínlẹ̀ wa. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ẹmùrẹ́ jìnnà sí Àrámọ̀kọ, ṣùgbọ́n ìròyìn kì í wọkọ̀.

Eré iwájú ilé wa yí padà. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ di bọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin kan fi bàtà sétí bíi fóònù: "Ẹ gbé owó wá o!" Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn ní òun ni ìyá, ó sì ń pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ òun padà kílẹ̀ tó ṣú. Fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, eré kan náà ni. Nígbà tó yá, bàbá kan yọ ọ̀pá sí wọn: "Ẹ má fẹnu yín pè é wá síbí!"

Mo mọ ẹ̀rù tó bà á. Ṣùgbọ́n mo ti wo ewúrẹ́ bó ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ. Ohun tó gbé mì lójijì lójú ọjọ́, á pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu nígbà tí ara bá tù ú, á rún un dáadáa. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń ṣe nìyẹn. Àgbàlagbà kan ì bá fa àpótí sún mọ́ wọn kó jókòó, kó máa gbọ́.

Ẹgbẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n se ẹ̀wà fún ọmọ kan ní agboolé kejì sí tiwa. Ọmọ tó rẹwà ni, kì í sọ̀rọ̀, á kàn dá jókòó sídìí ògiri, oúnjẹ kì í wù ú. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́gbẹ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run ló ń pè é. Wọ́n kó gbogbo àwa ọmọdé àdúgbò jọ. Wọ́n fi ọmọ náà sí àárín. Ẹ̀wà wà, àkàrà wà, ìrèké wà, súìtì náà wà. A jẹ, a kọrin, a gbé e jó, a pe orúkọ rẹ̀ léraléra. Àjẹyó ni tèmi. Ó pẹ́ kí n tó rò ó pé ọmọ tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, ogún ọmọ ló bá a jẹun lọ́jọ́ náà, gbogbo àgbà àdúgbò ló sì jẹ́wọ́ pé nǹkan ń ṣe é.

Ní Senegal, àwọn Wolof àti Lebou ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nit ku bon ni wọ́n ń pè é: kì í wo ènìyàn lójú, ó dákẹ́, ẹkún kò jìnnà sí i, ọjọ́ kan á sì kàn lọ. Ní ilé ìwòsàn Fann ní Dakar, níbi tí dókítà Henri Collomb ti ṣiṣẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1950, wọn kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. András Zempléni àti Jacqueline Rabain kọ ìwádìí tó nípọn lórí ọmọ nit ku bon ní 1965. Ní Fann náà ni dókítà, aláìsàn àti ará ilé ti ń jókòó sí agbo kan, bí ìgbà tí ará abúlé bá pàdé lábẹ́ igi, láti jọ sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a pè ní àbíkú, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa wọ́n, ìtọ́jú ọsibítù ni ì bá gbà wọ́n. Mo tún mọ̀ pé wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí àwọn kan lára, wọ́n gé ìka àwọn mìíràn. N kò ní kí a padà sí ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí nọ́ọ̀sì bá gbọ́ "ẹgbẹ́ ló ń pè é" lẹ́nu ìyá, kó má pòṣé. Ìyá yẹn ti sọ fún un pé ọmọ òun ti ń jìnnà sí àwọn alààyè. Kò sí ohun mìíràn tí kádì ń béèrè ju ìyẹn lọ.

Òkè Ẹ̀fọ̀n

Bí ọmọ kò bá sùn, ẹsẹ̀ ìyá kì í kọ́kọ́ gba ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ilé àdúrà ni. Lágbègbè wa, ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ọ̀pọ̀ ń tọ̀, ìlú tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959.

Mo bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé àdúrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí ni wọ́n ṣe fún wọn. Ó ní àdúrà àárọ̀, àdúrà ọ̀sán, àdúrà òru. Mo ní kí ni ohun mìíràn. Ó ronú. Ó ní: "Mo sùn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè gbèsè lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ìyá kan ń bá mi wẹ ọmọ. Wòlíì á béèrè lọ́wọ́ ọmọ láràárọ̀ pé, 'Kí lo lá?'"

Wòlíì béèrè lọ́wọ́ ọmọ! Láràárọ̀! Ìbéèrè tí n kò gbọ́ lórí bẹ́ǹṣì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n owó ní ojú méjì. Àwọn ibìkan wà, n kò dárúkọ wọn, tí wọ́n ti ní kí ọmọ ọdún méje gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n fi pàṣán lé ohun tí wọ́n ní ó ń bẹ nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù òru tẹ́lẹ̀ á wá máa bẹ̀rù ojúmọ́. Bí ìjọba kò bá gbé ibòmíràn kalẹ̀ tí ìyá lè sùn, tí ẹnì kan yóò sì bi ọmọ ní àlá rẹ̀, kò lẹ́nu láti dá ìyá lẹ́bi ibi tó lọ.

Árò

"Wọ́n ti gbé e lọ Árò." Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni gbólóhùn yìí ti ń ba ọmọdé lẹ́rù. Ó dùn mí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Árò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, yẹ kó jẹ́ ohun ìwúrí fún wa. Ní 1954, dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn ọpọlọ nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Kò fi odi gíga sé wọn mọ́. Aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ó sì gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ìyá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́, wọ́n wá wò ó. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà fún àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní 1973.

Ẹ̀kọ́ Árò ju ti àgbàlagbà lọ. Ọmọ kì í dá ṣàìsàn ọkàn. Ọmọkùnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn, opó ni ìyá rẹ̀. Ta ló bi òun náà pé ṣé ó ń sùn?

Orí tó ń gbóná

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Bí ìdánwò WAEC bá ku oṣù méjì, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá: "Sà, orí mi ń gbóná. Bí mo bá ṣí ìwé, ojú mi á ṣú. Bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú ọpọlọ mi." Ìwé ìyọ̀ǹda la máa ń fún wọn, kí wọ́n lọ sílé lọ sinmi.

Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní Árò, gbọ́ irú ẹjọ́ kan náà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn ìṣègùn Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, ó sì pè é ní brain fag. Àwọn dókítà ṣì ń jiyàn títí dòní bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni àbí àníyàn lásán tó wọ aṣọ mìíràn. Èmi mọ ohun tí n kò rí nínú àríyànjiyàn náà: ilẹ̀ oko tí bàbá tà kí ọmọ lè kàwé. Orí tó ru gbogbo ìdílé, báwo ni kò ṣe ní gbóná?

Ọdún 1959 ni wọ́n ń tọ́ka sí pé iṣẹ́ gáídáǹsì bẹ̀rẹ̀ ní iléèwé wa, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, níbi tí àwọn sísítà Kátólíìkì ti ní kí àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ wá gba àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde nímọ̀ràn. Iṣẹ́ wo ni n ó ṣe lọ́la ni ìbéèrè ìgbà náà. Tíṣà gáídáǹsì tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní ọ́fíìsì tirẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń kọ́ wọn ní Síífíkì, òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó pẹ́ dé, òun ló sì ń nà wọ́n. Ọmọ wo ni yóò lọ tú ọkàn rẹ̀ fún ẹni tó nà án láàárọ̀?

Ìrìn àjò mẹ́rìnlélógún

Kì í ṣe pé a kò ní onímọ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibùdó kan wà fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí àjọ MacArthur ti Amẹ́ríkà ràn lọ́wọ́ láti dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Ọmígbọ́dùn ló ṣagbátẹrù rẹ̀. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé.

Mo mú bírò. Ká ní wọ́n gba ọmọ orí bẹ́ǹṣì yẹn síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá péré. Àrámọ̀kọ sí Ìtawurẹ́, Ìtawurẹ́ sí Ìwàràjà, Iléṣà, Ifẹ̀, Gbọ̀ngán, kó tó kan Ìbàdàn. Àlọ méjìlá, àbọ̀ méjìlá. Ìyá rẹ̀ á ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ méjìlá. Ọmọ á pàdánù iléèwé ní ọjọ́ méjìlá. Owó ọkọ̀ ènìyàn méjì, nígbà mẹ́rìnlélógún, lórí wákàtí méjìlá ọ̀rọ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì, àwọn oníṣègùn ọpọlọ sì wà níbẹ̀. Adó kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 300 lọ fún ènìyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Ẹni tí wèrè, wárápá àti ọtí àmujù gbogbo ìpínlẹ̀ ń dúró dè, ìgbà wo ni yóò ráyè wo ọmọ kan bó ṣe ń fi iyanrìn mọ òkè? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bá wa dé abúlé nínú kúlà. Ìtọ́jú ọkàn kò ṣe é dì sínú yìnyín. Ènìyàn ni, ó sì gbọ́dọ̀ gbé nítòsí.

Ìwé òfin

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Ká tó ní in, òfin àwọn asínwín tó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, 1916, ni a ṣì ń tẹ̀lé. Òfin tuntun náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ó sì lòdì sí kí wọ́n máa so ènìyàn mọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí a jogún, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ayé sú, ẹni tó bá sọ fún lè gbé e lọ ságọ̀ọ́. Yóò dákẹ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lẹ́yìn Ìtawurẹ́

Bí a bá kọjá Ìtawurẹ́ díẹ̀, a ti wọ Ọ̀ṣun. Níbẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn mú ìwé ìtọ́nisọ́nà àjọ WHO tí wọ́n ń pè ní mhGAP, wọ́n fi kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera 198 láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 68. Wọn kì í ṣe dókítà ọpọlọ o! Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wọ abúlé sì wà nínú wọn, irú àwọn tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń dá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ̀, bí a ṣe ń tọ́jú wárápá, bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ọtí láìtẹ́ni. Àwọn tí wọ́n kọ́ ṣe é.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì alábọ́ọ́dé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, n ó ní kó wọkọ̀ ní Ìtawurẹ́. Ìjọba Èkìtì náà ní ètò ìlera kan tí wọ́n fi èdè wa sọ lórúkọ: Ulerawa. Ìlera wa ni. Ọ̀rọ̀ Èkìtì dùn lára ìwé ìjọba. Ohun tó kù ni kí ọkàn ọmọ wà nínú "ulera" náà, kí ìṣẹ́jú àádọ́ta tí nọ́ọ̀sì bá fi jókòó ti ọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí a ń kà, bí a ṣe ń ka ìgò oògùn àjẹsára.

Àwọn ìyá àgbà Harare

Ní Zimbabwe, dókítà Dixon Chibanda kò rí ẹni bá a ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Mbare, kò sì rí yàrá. Ìyá àgbà mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un. Ó kọ́ wọn, ó gbé bẹ́ǹṣì onípákó sí ìta ilé ìwòsàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ ọkàn. "Kufungisisa" ni wọ́n ń pe àìsàn náà ní èdè Shona: àròjù. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ara àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń fúnni tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbàlagbà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ fún.

Mo ka èyí fún ìyá àgbà tó béèrè owó oṣù rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní nígbà tí àwọn ń pàlọ́, ọmọ tí nǹkan ń ṣe kì í gbe orin. Ẹni tó ń pàlọ́ á rí i. Á fún un níṣẹ́ ìjàpá, á ní òun ni kó máa dáhùn. "Nísinsìnyí," ó ní, "fóònù ló ń pàlọ́. Fóònù kò mọ ẹni tí kò gberin."

Ọjọ́rú

Mo padà sí ilé ìwòsàn náà lẹ́yìn oṣù kan. Mátírọ̀n tó ti ń múra àtifẹ̀yìntì ló wà lórí àga. Ọmọkùnrin yẹn ló wà níwájú rẹ̀, kádì lọ́wọ́.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" Mátírọ̀n bi í.

Ìyá la ẹnu. Mátírọ̀n gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra omi tútù lóde."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Kò wo ọmọ lójú. Ojú fèrèsé ló ń wò. Èrò ń kùn lóde. Mo ka ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lójú aago ògiri. Ọmọ ká kádì, ó tú u. Lẹ́yìn náà mo rí i tí ẹnu rẹ̀ mì. Ohun tó sọ kò dé ibi tí mo wà. Mátírọ̀n kàn mi orí, ó gba kádì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i: *Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá.*

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ìyá, ṣé ó sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀?"

"Rárá o. Ó sọ orúkọ ajá wọn fún mi."

"Lọ́jọ́rú tó ń bọ̀ ńkọ́, kí lẹ ó bá a sọ?"

Ó ti ń pe ẹni tó kàn. "Ajá náà ni."